Ibo Ni Omi Inú Aṣọ Gbà Lọ? Ìtọ́sọ́nà Lórí Sísá Aṣọ àti Lílo Dráyà Nílùú Òyìnbó

Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ibi tí omi inú aṣọ gbà lọ. Wọ́n á fọ aṣọ láàárọ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á gbọn ọ́n dáadáa, wọ́n á sá a sórí okùn tó ti ara igi máńgòrò dé ara ògiri ilé ìdáná, nígbà tí oòrùn bá sì kan àtàrí, ọmọ tó bá ń kọjá lọ ni wọ́n á ní kó bá wọn ká a wọlé. Ìgbà tí mo dé Manchester, tí mo ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ aṣọ gbígbẹ dá lé. Omi náà kì í pòórá. Bí kò bá gba ojú fèrèsé jáde, ara ògiri ni yóò lẹ̀ mọ́. Bí kò bá sì sí lára ògiri, inú táǹkì dráyà, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ló wà, a ó sì ti sanwó iná lé e lórí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Britain, tí wọn kò ní okùn níta, tàbí tí wọ́n ní in ṣùgbọ́n tí òjò kì í jẹ́ kí wọ́n rí i lò, tí wọ́n sì ń rò ó bóyá kí àwọn ra dráyà tàbí kí àwọn máa fara da férémù aṣọ ní pálọ̀. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ lo afẹ́fẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, kí a tó pe dráyà sí èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ilé wà tó jẹ́ pé dráyà ló yẹ ẹ́, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́.

Ọyẹ́ àti òjò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ló ń mú aṣọ gbẹ. Ẹni tó bá ti fọṣọ nígbà ọyẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òtútù a máa mú débi pé ètè á là, síbẹ̀ jíǹsì tí a sá ní aago mẹ́jọ á ti gan paali kó tó di ọ̀sán. Ní oṣù keje ẹ̀wẹ̀, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn, kó sì tún máa rùn nígbẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ara ohunkóhun tó bá kàn ni yóò ti mu omi. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó, kò sí àyè nínú rẹ̀ mọ́.

Nǹkan mẹ́ta, nígbà náà, ni aṣọ ń fẹ́: afẹ́fẹ́ tó gbẹ, afẹ́fẹ́ tó ń rìn, àti ooru díẹ̀. Dráyà kò ju àpótí onírin tí a kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí lọ: ó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, ó ń fẹ́ ẹ gba àárín aṣọ kọjá, ó sì ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Férémù tí a ṣí sílẹ̀ ní pálọ̀ tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yẹn, ìyẹn ooru. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń pẹ́ níbẹ̀, tí gíláàsì fèrèsé á sì máa làágùn bí ẹni tó ń gún iyán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún aṣọ náà tán

Kí ẹ tó ronú nípa okùn tàbí dráyà, ẹ wo nọ́ńbà yíyí tó wà lójú ẹ̀rọ ìfọṣọ yín: 800, 1000, 1200 tàbí 1400. Iye ìgbà tí ìlù inú ẹ̀rọ náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan ni nọ́ńbà yìí, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni omi tí yóò fún jáde lára aṣọ ṣe máa pọ̀ tó. Mo fi í ṣáájú nítorí pé iná tí ẹ̀rọ ń jẹ láti fi yíyí lé omi jáde kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ooru máa jẹ. Láti sọ lítà omi kan ṣoṣo di èéfín, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì iná kan ló ń gbà, dráyà onírin gbígbóná kankan kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ gbé aṣọ gbígbẹ sórí ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín kí ẹ tó fọ ọ́, kí ẹ sì tún gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fún un. Lítà omi kan wọn kílò kan, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni iye lítà omi tí ilé yín fẹ́ gbà lálejò. Nígbà tí èmi ṣe é, ẹrù aṣọ kílò 4 jáde ní kílò 6.8 lẹ́yìn yíyí 800. Mo tún un yí ní 1400, láìtún bu ọṣẹ tàbí omi sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 6.1. Omi tó tó kún ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ báyẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún méjì gbáko ni mo ti ń lo ẹ̀rọ náà kí n tó ṣàkíyèsí pé 800 ni ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú mi fi sí.

Ẹ má ṣe fi eré 1400 yìí fún aṣọ onírun àgùntàn, síliìkì, tàbí aṣọ tó ní òkúta dídán lára. Ẹ má sì ki ẹ̀rọ ní àkìyó. Aṣọ tí kò ráàyè yí kì í fún dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúbùsù kan ṣoṣo, tí yóò dì sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀rọ á sì kọ̀ láti sáré: ẹ fi táwẹ̀lì méjì kún un kó lè dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣa aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo àmì kékeré tó wà nínú ọrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Onígun mẹ́rin tó ní òbìrìkítí nínú ni àmì dráyà. Bí àmì róbótó kékeré kan bá wà láàárín òbìrìkítí náà, ooru díẹ̀ ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ méjì, ooru tó wọ́pọ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan. Bí wọ́n bá sì fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pa nǹkan rẹ́, kò gbọdọ̀ wọ dráyà. Onígun mẹ́rin tó ní ìlà kan tó dùbúlẹ̀ nínú ń sọ pé kí ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó gbẹ, má fi kọ́. Suẹ́tà onírun sì ni èyí máa ń bá jù, nítorí ìwúwo omi á fa apá rẹ̀ gùn bí apá ọ̀bọ.

Aṣọ tiwa kì í sábà ní àmì kankan, ibẹ̀ ni ẹjọ́ sì ti ń pọ̀. Aṣọ òkè kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dráyà rárá. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹlú pa láró yẹ kó gbẹ ní ibòji, kí ẹ sì yí inú rẹ̀ síta, nítorí oòrùn tààrà máa ń jẹ aró rẹ̀. Léèsì olókúta, gèlè, àti ohunkóhun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan mọ́, orí hángà ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ti àǹkárá ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí òwú ni, ó sì dà bí ẹni pé kò sóhun tó lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó bùbá àǹkárá mẹ́ta sínú dráyà lórí ooru tó ga jù, wọ́n sì jáde láìṣá, ṣùgbọ́n ọrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wú yọ lẹ́bulẹ́bu bí àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù. Gọ́ọ̀mù-sité tí télọ̀ fi tẹ́ ọrùn náà nínú ló yọ́, tó sì tú kúrò lára aṣọ. Áyọ́ọ̀nù kò rí i tún ṣe.

Ẹ tún yọ kọ́mú, aṣọ eré ìdárayá àti ohunkóhun tó ní rọ́bà tó ń fà sọ́tọ̀. Ooru ń pa rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, tí pátá tuntun á fi máa yọ́ kúrò nídìí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ohun tó kù, ìyẹn táwẹ̀lì, aṣọ ibùsùn, ìbọ̀sẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, ni dráyà lè gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ẹ bá ní ìta, ẹ lò ó

Ẹ má jẹ́ kí òtútù dẹ́rù bà yín. Ọjọ́ oṣù kejì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ojú ọ̀run mọ́, sàn fún aṣọ ju ọjọ́ oṣù kẹjọ tí kùrukùru bò lọ, bí ọyẹ́ ṣe sàn ju òjò lọ nílé. Kódà aṣọ tó dì gan lórí okùn ṣì ń pàdánù omi. Ẹ tètè sá a láàárọ̀, kí ẹ sì kó o wọlé kó tó di aago mẹ́ta ní oṣù kejìlá, nítorí pé oòrùn ń wọ̀ ṣáájú aago mẹ́rin ní Manchester lákòókò yẹn, ìrì á sì dá padà gbogbo omi tí afẹ́fẹ́ ti gbà. Ẹ gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan pà, kí ẹ fi etí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì há okùn kí ojú pẹ́gì má bàa yọ ní èjìká, kí ẹ sì há aṣọ ibùsùn ní etí méjèèjì kó lè wú bí àpò tí atẹ́gùn kó sí. Bí ẹnì kan nínú ilé bá jẹ́ ẹni tí òdòdó máa ń mú sín, ẹ yẹra fún sísá ìrọ̀rí àti aṣọ ibùsùn síta láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sísá aṣọ nínú ilé láìba ilé jẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe, torí náà mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yan yàrá kan ṣoṣo. Àṣà pínpín aṣọ káàkiri ilé, tí ìbọ̀sẹ̀ wà lórí rédíétọ̀ pálọ̀ (irin ara ògiri tó ń mú yàrá gbóná), tí táwẹ̀lì wà lórí ilẹ̀kùn yàrá, tí yúnífọ́ọ̀mù sì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ń pín omi lítà méjì náà dé gbogbo ògiri ilé. Bí balùwẹ̀ yín bá ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, ibẹ̀ ló dára jù: ẹ gbé férémù sínú rẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ jẹ́ kí fáànù náà máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi bébà pélébé kan sójú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń fà ní tòótọ́. Bí kò bá lè di bébà náà mú, ariwo lásán ló ń pa.

Ẹ fi àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín aṣọ kan àti èkejì, kí férémù náà má sì fara kan ògiri. Férémù tí a kó aṣọ lé ní ìlọ́po méjì kì í gbẹ ní ìlọ́po méjì àkókò. Ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ kò rọ́nà gbà kọjá. Àwọn tó nípọn, bíi jíǹsì àti aṣọ oníbòrí, ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ òde; ṣẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi hángà kọ́ sókè. Fáànù orí tábìlì kékeré tí ẹ dojú rẹ̀ kọ aṣọ, èyí tí kò jẹ iná tó gílóòbù àtijọ́ kan, ń ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ lọ.

Fèrèsé ńkọ́? Ìdáhùn méjì ló wà, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù ni pípa méjèèjì pọ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ẹ ṣí fèrèsé yàrá yẹn díẹ̀, kí èéfín omi lè ríbi jáde, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé dé. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ náà, ẹ ti fèrèsé pa pátápátá, nítorí bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí, gbogbo ọ̀rinrin ìta Manchester lẹ ní kí ẹ̀rọ yín máa fà, ìyẹn ò sì ní tán títí ayé.

Ẹ̀rọ afa-ọ̀rinrin yìí ni mo kà sí ohun tó dára jù lọ láti rà fún fúláàtì kékeré, ṣáájú dráyà pàápàá. Èyí tó mọ níwọ̀n ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 200. Wákàtí mẹ́jọ rẹ̀ kò tó yúníìtì méjì, ooru tó ń tú jáde kì í sì í ṣòfò, inú ilé náà ló ń wà. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì, tó dára fún ilé tó móoru, àti èyí tó ń fi èròjà gbígbẹ fa omi, tó ń jẹ iná jù ú lọ ṣùgbọ́n tí òtútù kì í dá dúró. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn férémù, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ kan sí aṣọ, kí ẹ sì da omi inú rẹ̀ nù láràárọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fa garawa rẹ̀ jáde tí mo rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mo dúró wo omi náà títí. Lára ògiri yàrá àwọn ọmọ mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Férémù oníná, èyí tí irin rẹ̀ máa ń gbóná, wúlò, ó sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 300. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í kó omi lọ síbì kankan, inú yàrá náà ló ń tú u sí, torí náà ọ̀rọ̀ fèrèsé ṣì kàn án. Rédíétọ̀ ni kí ẹ má fi aṣọ bò. Aṣọ tó bò ó ń dí ooru lọ́wọ́ láti dé inú yàrá, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná á wá máa jó gáàsì sí i, omi á sì máa ru sókè lọ bá ògiri tútù.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin. Pọ́n-ùn mẹ́wàá tó o. Ó yẹ kó máa wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọjá 60 nígbà tí aṣọ wà lórí férémù, kò burú, bó bá ṣá ti padà sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bó bá ń dúró sí 70 lójoojúmọ́, èéhù dúdú yẹn máa hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, nítòsí Manchester níbí, aṣèwádìí ikú sì sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé èéhù inú fúláàtì wọn ló fa àìsàn èémí tó pa á. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn tipẹ́. Ọ̀nà tí ìdílé náà ń gbà gbé ilé ni àwọn onílé dá lẹ́bi. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó sì di dandan fún àwọn tó ń fi ilé àjọ háyà, bíi ti káńsù, láti dá sí ewu pàjáwìrì láàárín wákàtí 24. Mo mẹ́nu bà á níbí nítorí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu onílé bí ògiri bá dúdú ni pé aṣọ tí ẹ ń sá nínú ilé ló fà á. Ẹ ya fọ́tò ògiri, ẹ máa kọ nọ́ńbà ọ̀rinrin sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ ní kíkọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dráyà, bí ẹ bá fẹ́ lò ó

Mẹ́ta ni dráyà. Èkíní ní ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin síta. Ó rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ó nílò ihò lára ògiri, ẹni tó bá sì jẹ́ kí ọ̀pá náà máa fẹ́ sínú ilé ti sọ ilé náà di balùwẹ̀. Èkejì ń gba omi sínú táǹkì, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa dà nù, díẹ̀ nínú èéfín omi náà sì máa ń jò sínú yàrá. Ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì tí a yí padà: ẹ̀gbẹ́ tútù rẹ̀ ń fún omi jáde lára afẹ́fẹ́, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná rẹ̀ sì ń tún afẹ́fẹ́ kan náà mú gbóná, tí ooru kan fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 50 lọ, nítorí náà ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n kì í sun aṣọ.

Ìyàtọ̀ owó wọn hàn kedere lójú mítà. Ẹrù ńlá kan nínú oríṣi méjì àkọ́kọ́, àwọn onírin gbígbóná, ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì mẹ́rin sí márùn-ún. Nínú ẹ̀kẹta, nǹkan bíi méjì. Ká ní pẹ́ńsì 25 ni yúníìtì kan, ẹ̀ẹ̀kan á jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 1.12 fún ti àkọ́kọ́, àádọ́ta pẹ́ńsì fún ti ìkẹyìn. Ìdílé tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ á ti jèrè ohun tó ju pọ́n-ùn 120 lọ láàárín ọdún kan. Bí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Ẹ má gbé e sí gáréèjì tí kò ní ooru, nítorí pé òtútù á dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ tẹ gbogbo àpò wò fún bíró àti ike ìkunra ètè. Ẹ fa asẹ́ rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi ọwọ́ ká òwú wẹ́wẹ́ tó wà lójú rẹ̀ kúrò, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ wo òwú náà dáadáa: aṣọ yín ni, ó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe kó aṣọ kún un ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, kí ẹ kó àwọn tó nípọn pọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì ti bọ́tìnnì aṣọ ibùsùn oníhò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbé gbogbo ìbọ̀sẹ̀ mì, yóò sì wé wọn bí ẹ̀kọ, tutù ni àárín.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, dráyà kan tó ní àbùkù ló dá iná sílẹ̀ ní Shepherd's Court, ilé gíga kan ní Shepherd's Bush ní London. Àwọn panápaná ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dráyà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá sùn tàbí tí wọ́n jáde. Èyí ń bá àwọn tí owó iná òru wọn kéré jà, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní aago méjì òru. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n ji ní ìdájí, bí iná olówó pọ́ọ́kú bá ṣì wà nígbà yẹn, kí wọ́n tàn án lójú ara wọn.

Ohun kan tún wà tó kan ilé Yorùbá gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Aṣọ ìnuwọ́ tó ti gba epo pupa tàbí òróró, tàbí táwẹ̀lì tí a fi nu òrí àti àdí kúrò lára, kì í mọ́ tán bí a tilẹ̀ fọ ọ́. Bí ooru dráyà bá kan epo tó kù nínú òwú náà, tí a sì ká a jọ ní gbígbóná, ó lè máa gbóná lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Orí okùn tàbí férémù ni kí ẹ sá irú wọn sí. Nítorí kan náà, ẹ má ṣe dá dráyà dúró kí ìṣẹ́jú ìtutù rẹ̀ ìkẹyìn tó pé. Bó bá sì di dandan kí ẹ dá a dúró, ẹ kó aṣọ náà jáde kíá, kí ẹ tẹ́ ẹ ká.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bí ẹ bá ní dráyà, ìlò rẹ̀ tó lérè jù kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí aṣọ lo ọ̀sán lórí férémù títí yóò fi ku díẹ̀, kí ẹ wá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú dráyà. Táwẹ̀lì tó gan bí awọ á rọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì á nà débi pé ẹ lè má lọ ọ́ mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ rántí pé yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ sílẹ̀, ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì tútù lé e, ẹ ká wọn pọ̀ bí ẹní, kí ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ jù ú sínú dráyà pẹ̀lú táwẹ̀lì gbígbẹ mìíràn. Á gbẹ kí ẹ tó di orí ọmọ kan tán. Ẹni tí kò ní dráyà lè fi hángà kọ́ ọ síwájú fáànù, yóò gbẹ kílẹ̀ tó mọ́.

Fún ẹni tó ń ka èyí nílé

Ní Nàìjíríà, n kò rí ìdí púpọ̀ fún dráyà. Ó ń fẹ́ wáàtì 2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ onírin gbígbóná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò sì lè gbé e. Nígbà òjò, yíyí ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì àti fáànù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí tó. Ohun tí mi ò ní gbàgbé láé ni pé màmá mi máa ń lọ gbogbo aṣọ, àní ìlédìí ọmọ ọwọ́ pàápàá, mo sì máa ń rò pé àṣejù ni. Eṣinṣin túmbù ni wọ́n ń sá fún, èyí tó máa ń yé ẹyin sí ara aṣọ ọlọ́rinrin tí a sá sórí koríko tàbí ní ibòji, tí ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ara lọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin náà, pàápàá ní ojú rírán aṣọ.

Kí ẹ tó ká a

Ọwọ́ tútù kò lè mọ aṣọ tó gbẹ, nítorí gbogbo nǹkan ló máa ń tutù sí i. Ẹ gbé ìbàdí jíǹsì, ìdí àpò rẹ̀ àti abẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Bó bá tutù rinrin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ dá a padà sórí férémù fún wákàtí méjì, ẹ má kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó bá sì ti lo ju ọjọ́ kan lọ ní tútù, tó ti ń rùn bí àkísà ìnulẹ̀, sísá kò lè wò ó sàn: ẹ tún un fọ ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 60 bí àmì ara rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ yí i ní 1400, kí ẹ sì fún un láyè dáadáa lórí férémù lọ́tẹ̀ yìí.